Ìmọ̀ Iṣẹ́ Òwú ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará Odigbo àti Ore, ẹni tí ó fún ni ní irinṣẹ́ ṣeun. Ẹni tí ó kọ́ ni ní ìlò rẹ̀ ṣeun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Abẹ́òkúta fi èyí hàn.

Lẹ́yìn ọdún 1850, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan nítorí òwú ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí Manchester láti kọ́ bí a ti ń fọ òwú mọ́ tí a sì ń dì í. Henry Robbin, ọmọ Sàró, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó padà dé, òun àti Samuel, ọmọ Àjàyí Crowther, ni ó bójú tó ilé iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta. Èrò Venn ni pé kí àwọn ènìyàn wa fúnra wọn di oníṣòwò.

Ní 1867 Ifọ́le dé. A lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò bá wọn lọ.

Ǹjẹ́ bí àlejò bá mú ẹ̀rọ wá sí oko kòkó tàbí oko rọ́bà wa, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: ta ni yóò mọ̀ ọ́n lò nígbà tí àlejò bá lọ?