Ẹjọ́ Oúnjẹ Àwọn Ará Ogoni ní Banjul

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe náà nínú wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ebi, àti pé láti ilẹ̀ wa Nàìjíríà ni ọ̀kan pàtàkì nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Àgbẹ̀ àti apẹja ni àwọn ará Ogoni, tí wọ́n ń gbé ní agbègbè ibi tí Odò Ọya ti ń ya wọ inú òkun. Wọ́n a máa gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n a sì máa kó ẹja, akàn àti ìṣáwùrú nínú omi àti ẹrẹ̀ etí odò. Ní ọdún 1958 ni a rí epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pá epo ti ń gba àárín oko kọjá, tí epo sì ń dà sórí ilẹ̀ àti sínú omi. Nígbà tí wọ́n fi ohùn sókè, ìjọba ológun rán ọmọ-ogun sí wọn. A sun abúlé, a ba irè oko jẹ́, a pa ẹran ọ̀sìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, a yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Gbogbo ayé gbọ́ ikú wọn. Oko tí ó bàjẹ́ kò dún tó bẹ́ẹ̀ létí ẹnikẹ́ni.

Kí ni ó dé tí wọn kò gba ilé-ẹjọ́ ilé lọ? Orí kejì Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ṣe ìlérí pé ìjọba yóò sapá kí oúnjẹ tí ó tó, tí ó sì dára, lè wà fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n abala 6 ìwé kan náà wí pé ilé-ẹjọ́ kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ lórí orí náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé ti ọdún 1999. Ó dà bí ẹni tí ó pe ni sí àsè, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò síta.

Nítorí náà, ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ SERAC tí ó wà ní Èkó, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní New York, gbé ẹjọ́ náà lọ sí iwájú Ìgbìmọ̀ Áfíríkà tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní Banjul. Ìṣòro kan wà. Ìkéde Gbogboogbò ọdún 1948 dárúkọ oúnjẹ ní abala 25. Àdéhùn ọdún 1966, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1993, dárúkọ rẹ̀ ní abala 11. Ṣùgbọ́n Ìwé Àdéhùn Áfíríkà ti ọdún 1981, èyí tí Ìgbìmọ̀ náà ń lò, kò dárúkọ oúnjẹ rárá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, Ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ fara pamọ́ sínú ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, sí ìlera àti sí ìdàgbàsókè. Wọ́n ní ó kéré tán, ìjọba kò gbọdọ̀ ba orísun oúnjẹ àwọn ènìyàn jẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan bà á jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ dí ẹni tí ó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìjọba Nàìjíríà sì ti rú.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìdájọ́ yìí. Kò wí pé kí ìjọba máa se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wí ni pé kí ó má ṣe da epo sí ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Èdè wa sì bá a mu, nítorí láti inú *tọ́* ni *ẹ̀tọ́* ti wá: ohun tí ó tọ́ sí ni àti ohun tí ó tọ́ kí a ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ìwé ńlá ṣe àlàyé bí àwọn méjèèjì ṣe so mọ́ ara wọn.

Ó yẹ kí a yin ìjọba alágbádá ní ìwọ̀n díẹ̀: ní ọdún 2000, ó kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ náà nígbà ìjókòó wọn ní Cotonou, ó sì jẹ́wọ́ pé ìwà ìkà púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ogoni. Ṣùgbọ́n Banjul kò ní ọlọ́pàá. Ní ọdún 2008, epo tún ya bo omi Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni kan náà. Ìlú London ni àwọn apẹja ti pe Shell lẹ́jọ́, tí ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san £55 mílíọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ ní 2011 pé àtúnṣe ilẹ̀ Ogoni lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, a fi ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ kún Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ wa. Inú orí kejì ni a fi í sí, níbi tí ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ìlẹ̀kùn kan ṣì ṣí síbẹ̀, tí a kì í sábà wò: ní 1983 ni ilẹ̀ wa ti sọ Ìwé Àdéhùn Áfíríkà di òfin ilé, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ìdí agbára òfin náà múlẹ̀ ní ọdún 2000. Òun wà lára ohun tí àwọn ará Iwherekan dì mú ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Benin ní 2005, nígbà tí adájọ́ wí pé iná gáàsì tí ń jó nítòsí wọn rú ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀mí.