Àfikún Agbára Ẹ̀yà nínú Dungeons & Dragons

Àfikún agbára ẹ̀yà ni iye tí òfin Dungeons & Dragons, eré ìtàn orí tábìlì tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ń bù kún okun, ọpọlọ tàbí ìfaradà ẹ̀dá-ìtàn nítorí ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú 2024. Nínú ìwé òfin 2014, ojú kan ló wà: gnome gba 2 sí ọpọlọ, half-orc gba 2 sí okun àti 1 sí ìfaradà. Ìwé Tasha's Cauldron of Everything (2020) gba òṣèré láyè láti gbé e síbi tó wù ú. Ìwé 2024 sì so ó mọ́ ìgbésí-ayé àtẹ̀yìnwá ẹ̀dá náà.

Ìṣirò ti àyípadà yìí lẹ́yìn. Lábẹ́ òfin 2014, bí òṣèré méjì bá fi 15 sí ọpọlọ oṣó wọn, ti gnome yóò di 17, yóò sì máa fi 3 kún dáìsì olójú 20. Half-orc, tí tirẹ̀ dúró sí 15, yóò máa fi 2 kún un. Ẹyọ kan péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ju dáìsì fún ọpọlọ ló ń yọjú, ìdí nìyí tí half-orc oṣó fi máa ń dà bí àṣìyàn. Àwọn alátakò ní bí okun gbogbo ẹ̀yà bá lè dọ́gba, ẹ̀yà di orúkọ lásán. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, àmọ́ Tasha's kò fọwọ́ kan àbùdá half-orc: bí ọgbẹ́ bá fẹ́ dá a dùbúlẹ̀, ó lè dúró lórí ẹ̀mí kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan kó tó tún sùn. Irú àbùdá bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹ̀yà hàn ju iye lọ.