Etí Òkun Kì í Ṣe Etí Ọ̀sà: Ìdáhùn sí Èrò Kan nípa Ìdàgbàsókè àti Ohun Àjogúnbá ní Èkó

Èrò kan ti ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí nípa Èkó, débi pé àwọn kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí kò nílò ẹ̀rí mọ́. Èrò náà ni pé Eko Atlantic, ìlú tí wọ́n fi yanrìn tẹ̀ dó síwájú Victoria Island, jẹ́ iṣẹ́ ìpamọ́ ohun àjogúnbá. Wọ́n ní òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ náà padà lọ́wọ́ òkun, ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ló gbà padà. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, n kò sì bá wọn jà. Ọjà ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n akẹgbẹ́ wa kan, ọ̀mọ̀wé tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti wá gbé e kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan bí àbájáde ìwádìí. Ó tún fi kún un pé ilé àtijọ́ ni ohun àjogúnbá etíkun Èkó, àti pé níwọ̀n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wó, kò sí ohun tí ìdàgbàsókè tún lè bà jẹ́ níbẹ̀. Èyí ló mú kí n dáhùn.

N kò ní í dúró lórí ìtumọ̀ ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í tún ìtumọ̀ ohun àjogúnbá ṣe. UNESCO ti gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ jáde lórí àyíká àtijọ́ inú ìlú ní 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú àfojúsùn kọkànlá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015. Ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ wọ́n.

Ta ló jẹ ilẹ̀ Bar Beach?

Gbólóhùn náà pé òkun ló jẹ ilẹ̀ Bar Beach ló kọ́kọ́ yẹ kí a tú palẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, yanrìn tó dí ẹnu omi Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Ní Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké tó lè gba orí yanrìn náà kọjá. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun, kí ẹnu omi lè jìn. Nígbà tí wọ́n parí, ògiri òkúta wà ní ìhà méjèèjì ẹnu omi náà. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì etíkun wa ti ń ti yanrìn bọ̀ sí ìlà-oòrùn láìsinmi, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún kúbíìkì mítà lọ́dún. Ògiri ìwọ̀-oòrùn dá yanrìn yẹn dúró. Lighthouse Beach tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bar Beach tó wà ní òdìkejì kò rí nǹkan gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbì kò dẹ́kun àtimáa kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Nítòsí ògiri ìlà-oòrùn, etí omi fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da yanrìn síbẹ̀ léraléra, tí òkun sì ń kó o lọ. Ajádìí agbọ̀n ni wọ́n ń bu omi sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló jẹ Bar Beach. Akẹgbẹ́ wa mẹ́nu ba àwọn ògiri yìí nínú gbólóhùn kan, ó sì kọjá lọ. Ká ní ó dúró díẹ̀ ni, ì bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri etíkun yìí. Wọ́n kọ́ èbúté Lomé àti ti Cotonou ní àwọn ọdún 1960, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn wọn, títí dé Aného ní Tógò. Ní 1965, ìdídò Akosombo sé odò Volta ní Ghana, yanrìn tí odò náà ń gbé wá sí òkun sì dín kù. Kò sí ìlú tó dá ni etíkun tirẹ̀. Eko Atlantic náà ní ògiri, èyí tí wọ́n ṣètò pé kí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 8.5. Àwọn ará Okun Alfa ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ti ń ké pé òkun ń gba ilé wọn. N kò sọ pé ògiri yẹn nìkan ló fà á. Mo kàn ń béèrè ìdí tí ìwádìí tó ń sọ nípa ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ fi dúró ní bodè iṣẹ́ náà, tí kò rìn lọ wo aládùúgbò.

Kí ló wá padà lọ́wọ́ òkun? Ilẹ̀ tí wọ́n ṣírò sí mílíọ̀nù 10 mítà onígun mẹ́rin ló padà. Bar Beach tí àwọn àgbà Èkó ń sọ jẹ́ yanrìn tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láìtọrọ àyè: àwọn Aládùúrà tó wọ aṣọ funfun lọ gbàdúrà ní ìdájí, àwọn ọ̀dọ́ tó lọ ṣe fàájì lásìkò ọdún Àjíǹde, àti, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ogunlọ́gọ̀ tó ń péjọ láti 1971 láti wo bí ìjọba ológun ṣe ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè. Ìrántí dídùn àti kíkorò ló wà níbẹ̀, ti gbogbo ìlú sì ni. Lónìí, lápá-lápá ni wọ́n ń tà á. Ilẹ̀ padà, etíkun kò padà.

Òkun lọ́tọ̀, ọ̀sà lọ́tọ̀

Àṣìṣe tó tóbi jù nínú àpilẹ̀kọ náà kì í tilẹ̀ ṣe ti Bar Beach. Òǹkọ̀wé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ etíkun Èkó bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Etí omi méjì ni Èkó ní, wọn kò sì jọra nínú ohunkóhun tó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Etí òkun jẹ́ yanrìn, ìgbì tó ń fọ́, àti ilẹ̀ tó ń ṣípò padà. Kò sí ọba Èkó tó kọ́ ààfin síbẹ̀. Ọ̀sà ni ìlú náà kọjú sí. Ìgá Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Èbúté Èrò níbi tí ọkọ̀ ọlọ́jà ti ń gúnlẹ̀. Ọ̀sà ni ọ̀nà Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn; ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọ ìlú. Omi rẹ̀ kò jìn: ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá atukọ̀ ń kan ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ ń gba ẹnu èbúté wọlé. Nígbà òjò, omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń lé iyọ̀ náà padà. Ẹja, edé àti akàn ń tẹ̀lé ìyípadà yìí, apẹja sì ń tẹ̀lé wọn.

Àwọn Àwórì, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn ló ni ìmọ̀ yìí. Ní Makoko, orí òpó igi ni ilé wà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ẹsẹ̀ tí ọmọdé fi ń lọ síléèwé. Ọ̀nà ìpẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní acadja, tó gbajúmọ̀ ní adágún Nokoué ní Benin, tó sì dé ọ̀sà Èkó: wọ́n á gún ẹ̀ka igi sínú omi tí kò jìn, ẹja á fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Ní Òkò Bàbá lẹ́bàá Èbúté Mẹ́ta, gẹdú láti inú igbó ọ̀nà jíjìn ń léfòó wá bá ẹ̀rọ ìlagi. Kò sí ọ̀kan nínú wọ̀nyí tó jẹ́ ilé àtijọ́. Kò sì sí èyí tó lè wà bí omi kò bá dé ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní etí òkun, ewu ni kí omi gba ilẹ̀. Ní etí ọ̀sà, ewu ni kí ilẹ̀ gba omi. Yanrìn tó jẹ́ oògùn fún ọ̀kan ni májèlé èkejì. Ẹ wo Marina: ojú omi gan-an ni tẹ́lẹ̀, tí èèyàn lè ti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rìn dé ìdí ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi yanrìn ti omi sẹ́yìn, títì ńlá àti afárá sì gba ibẹ̀. Ọjà Èbúté Èrò wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n títì wà láàárín òun àti omi tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìlà omi tí wọ́n gbẹ́ nígbà gómìnà MacGregor láti ya Ìkòyí nípá ti di ilẹ̀. Banana Island tí a ń rí lónìí, inú ọ̀sà ni wọ́n ti fi yanrìn gbé e dìde. Kò sí ìgbì tó ń lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ tó wọ́n ló fà á.

Àwọn tó ń gbé etí omi ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun lé àwọn ará Maroko, tí iye wọn tó nǹkan bí 300,000. Ní oṣù Keje 2012, wọ́n wó ilé ní Makoko. Láti oṣù Kọkànlá 2016 sí oṣù Kẹrin 2017, Otodo Gbame pòórá. Nínú oṣù Kẹfà 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé àwọn èèyàn náà lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ìdájọ́ náà kò dá ìlú padà. Ìmọ́tótó àyíká àti ààbò ni a sábà máa ń gbọ́ nínú àwíjàre, ìyẹn èdè ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ gan-an. Akẹgbẹ́ wa kò dárúkọ ọ̀kankan nínú ìlú mẹ́ta yìí.

Mo mọ èsì tí yóò fọ̀: Kuramo ńkọ́? Òtítọ́ ni pé ọ̀sà kékeré Kuramo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun, àti pé ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ etí ibẹ̀ lóru, ẹ̀mí sì ṣòfò. Níbẹ̀, yanrìn tóóró ló wà láàárín omi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ibi tí ààlà ti tín-ín-rín kò sọ pé ààlà kò sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ òkun àti èyí tó jẹ́ ọ̀sà kò lè mọ̀ pé yanrìn tóóró yẹn ni ohun tó yẹ kó dáàbò bò.

Saint-Louis ní Senegal ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà líle. UNESCO fi ìlú náà sí àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2000. Ní oṣù Kẹwàá 2003, odò Senegal kún, ó fẹ́ bo ìlú mọ́lẹ̀. Wọ́n la ojú omi kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4, gba inú ilẹ̀ yanrìn tó ya odò nípá sí òkun. Ìlú bọ́. Ṣùgbọ́n ojú omi náà ń fẹ̀ títí ó fi di ti kìlómítà, iyọ̀ wọ inú oko, abúlé Doun Baba Dièye sì bá omi lọ. Wọ́n fi etí òkun tún etí odò ṣe. Àwọn ilé tó wà nínú àkójọ UNESCO dúró. Àwọn apẹja tó wà lẹ́yìn wọn ló kó ẹrù.

Ti ilé àti ti òfin

Lórí ọ̀rọ̀ ilé, èmi àti akẹgbẹ́ wa kò jìnnà síra. Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, ilé tí àwọn àgùdà tó ti Brazil bọ̀ fi sílẹ̀, jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ mọ ilé àti ère. Kò mọ ìgbà omi kíkún àti omi fífà.

Ti òfin omi tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2002, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ààlà àwọn ìpínlẹ̀ etíkun sí ibi tí omi òkun ń fà dé. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, ilé ẹjọ́ náà fi àṣẹ ọ̀nà omi inú ilẹ̀ sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti Èkó. Ilẹ̀ etí ọ̀sà wà lábẹ́ gómìnà nípa òfin ilẹ̀ 1978, omi tó ń fọ̀ ọ́ wà lábẹ́ Àbújá. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo èbúté kan yóò kanlẹ̀kùn méjì.

Kò tí ì yẹ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ògiri Eko Atlantic gba Victoria Island lọ́wọ́ òkun fún ìgbà pípẹ́, a sì gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú kí àwọn ibì kan wà ní etí ọ̀sà tí yanrìn dídà kò ní pa lára. Ohun tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbà ni pé kí a máa pe èyíkéyìí nínú wọn ní ìpamọ́ ohun àjogúnbá.

Àwọn èbúté

Ohun tí ìyàtọ̀ òkun àti ọ̀sà yìí gbé síwájú mi ni orúkọ àwọn èbúté. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ọba, ogun àti àwọn ilé àgùdà. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ kò tí ì rí ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ni ibẹ̀, ìdílé wo ló ń gba owó ibẹ̀, ẹrù wo ló ń sọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ ọjà wo ló ń mú un kún, ọdún wo ni yanrìn dí i? Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn amúnisìn yà yóò wúlò, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ àti àwọn ìyálọ́jà àgbàlagbà ni ẹ̀rí tó ń dín kù lọ́dọọdún. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ṣètò bí a ó ṣe máa gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, tí a ó sì máa fi sí orí àwòrán ilẹ̀ òde òní, kí a lè rí bí omi ti jìnnà tó sí èbúté kọ̀ọ̀kan lónìí. Láti Èbúté Èrò ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ká gba Ìkòròdú àti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́. Àgbádárìgì yóò dúró de apá kejì, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè Ẹ̀gùn dáadáa, a kò sì tí ì rí i.