Láti Orí Yanrìn dé Adawlato: Ìtàn Àlùbọ́sà Tó Ń Wọ Lomé

Oríṣi àlùbọ́sà méjì ló wà lórí àtẹ ní Adawlato, ọjà ńlá tó yí kàtídírà tí àwọn Jámánì parí ní 1902 ká láàárín Lomé. Èyí àkọ́kọ́ tóbi, ó pọ́n dòdò mọ́ dúdú, inú àpò ló sì ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wá láti òkè Ọya. Èkejì kéré. Orí méjì tàbí mẹ́ta máa ń so mọ́ ìdí kan, ewé rẹ̀ tó ti gbẹ ni wọ́n sì fi ń dì í ní ìdì-ìdì. Etí òkun ni eléyìí ti ń wá, láti òdì kejì bodè Gánà. Ìyá ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kì í wo àwọ̀ nìkan kó tó rà á, àtàǹpàkò ló máa fi tẹ ọrùn rẹ̀. Bí ọrùn bá rọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ rà. Bí ó bá gbẹ, tó sì le, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ti irúgbìn lọ. Orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbìn, bí àwọn ológbà Yúróòpù ṣe máa ń ri orí òdòdó iris mọ́lẹ̀ kí òtútù tó mú, kó lè tanná nígbà ìrúwé. Iris nílò òtútù yẹn. Àlùbọ́sà etí òkun ní tirẹ̀ kò béèrè ju ìsinmi díẹ̀ nínú àká, omi, àti ajílẹ̀ lọ.

Àwọn Anlo, tí wọ́n jẹ́ ara ẹ̀yà Ewe, ló ni iṣẹ́ náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Notsé ní ilẹ̀ Tógò ni wọ́n ti ṣí wá, àwọn àgbà Ewe kan a sì máa fà á dé Kétu ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wá tẹ̀dó sí, òkun ń bẹ lápá kan, ọ̀sà Keta ń bẹ lápá kejì. Iṣu ò lè ta níbẹ̀.

Oko tó wà ní Anloga àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀ lónìí, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Wọ́n á wa yanrìn òkè kúrò títí ojú ilẹ̀ á fi sún mọ́ omi tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á to ebè pẹlẹbẹ, wọ́n á la poro sáàárín kí àgbàrá lè rọ́nà gbà, wọ́n á sì gbẹ́ kànga tí kò jìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń bomi rin ín má baà rìn jìnnà. Yanrìn lásán kò lóúnjẹ nínú, nítorí náà ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ àdán àti ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i. Ẹni tó ń gbìn á ya orí tó so pọ̀ sọ́tọ̀, á tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú yanrìn tí omi ti rin, ṣóńṣó rẹ̀ á sì yọ díẹ̀ sókè. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ó ti tó wú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè kórè láàárín ọdún kan. Nínú ìkórè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ya èyí tí wọ́n máa gbìn sọ́tọ̀, ẹni tí ebi bá mú jẹ tirẹ̀ tán ní láti lọ rà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Ebè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jogún, ni wọ́n ń yáni, ni wọ́n sì ń fi dógò nígbà tí owó bá wọ́n. Kò sí ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn àgbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ilẹ̀ báyìí, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n mọ́ wọn.

Àgbọn náà ti mówó wọlé fún wọn rí. Ní 1932, àrùn kan tó ń pa igi àgbọn yọjú nítòsí Cape St Paul, láàárín Keta àti Anloga, orúkọ etíkun yẹn ló sì ń jẹ́ títí di òní. Àrùn náà kò kan àlùbọ́sà. Òkun ni ọ̀tá tó kù. Ó jẹ Keta wọlé díẹ̀díẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé apá kan odi tí àwọn ará Denmark kọ́ síbẹ̀ ní 1784, ó sì gé ọ̀nà tó lọ sí bodè. Nígbà tí ìjọba Gánà parí iṣẹ́ ìdènà òkun ní 2004 ni ọ̀nà Keta sí Havedzi tó padà ṣeé gbà.

Bodè náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀ ní Keta ní 1874, tí wọ́n sì ń gba owó bodè, àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn lọ síwájú ní etíkun, sí ibi tí aṣọ́bodè wọn kò lè dé. Ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni Lomé, tó di olú ìlú ilẹ̀ Tógò lábẹ́ àwọn Jámánì ní 1897. Láti ìgbà náà, ọmọ ìyá kan náà ló wà lápá méjèèjì bodè, èyí sì mú kí ó rọrùn fún àlùbọ́sà láti kọjá, yálà pẹ̀lú ìwé tàbí ní fàyàwọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló wá dí ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn: Gánà ti bodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn arìnrìn-àjò ní oṣù kẹta 2020, kò sì ṣí i títí di oṣù kẹta 2022.

Àlùbọ́sà ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀. Galmi, ìlú kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Niger, ló fún un lórúkọ. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin irúgbìn rẹ̀ sórí ebè kékeré bí òjò bá ti ń lọ, wọ́n á ṣí i lọ sí àkùrọ̀ nígbà ọyẹ́, wọ́n á sì kórè rẹ̀ láti oṣù kejì. Ọ̀sán tí kò gùn ju bíi wákàtí 12 lọ tó o láti ta orí. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní àríwá Yúróòpù ń retí ọ̀sán wákàtí 14 sí 16, nítorí náà ẹni tó bá gbìn ín ní Lomé, ewé lásán ló máa kó. Àwọn oníṣòwò Hausa àti àwọn ará òkè Ọya yòókù ló ń kó àlùbọ́sà wá sí Zongo, àdúgbò wọn tó wà láàárín ìlú nígbà náà, tí kò jìnnà sí ọjà àti Anagokomé, àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ àwọn Yorùbá pè. Ní 1977, ìjọba ṣí Zongo lọ sí Togblékopé lápá àríwá ìlú, ẹrù sì ní láti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé Adawlato.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, ECOWAS ti bodè, àlùbọ́sà sì ń rà nínú ọkọ̀ ní Malanville, ìlú Benin tó wà ní bodè Niger. Wọ́n gbé ìjìyà náà kúrò ní oṣù kejì 2024, ṣùgbọ́n Niger kò ṣí bodè tirẹ̀ pẹ̀lú Benin. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù fún àpò Galmi tó ń bọ̀ ní Lomé ni Burkina Faso, níbi tí àwọn agbébọn ti ń dá ọkọ̀ lọ́nà, tí àwọn awakọ̀ sì ń dúró de àwọn sójà tó máa sìn wọ́n kọjá kí wọ́n tó lè gbéra.