Ìṣesí Ara àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Àdúrà Àdáni Àwọn Àgùdà

Àdúrà àdáni ni àdúrà tí ẹlẹ́sìn Àgùdà ń gbà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí Mísà: níwájú ère, nídìí àbẹ́là, lẹ́nu ọ̀nà ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Kò sí àlùfáà tó ń darí rẹ̀, kò sì sí ìwé tó pàṣẹ gbogbo bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àpilẹ̀kọ yìí sọ̀rọ̀ nípa ìṣesí ara tó ń bá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rìn ní Kúbà, nípa bí wọ́n ṣe ń bá ẹni mímọ́ sọ̀rọ̀ bí ará ilé, àti nípa ibi tí nǹkan wọ̀nyí ti pàdé ìlànà Lùkùmí àti ibi tí wọ́n ti yà kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan olórìṣà gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ilé Òṣà, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ènìyàn ti ṣe ìrìbọmi kí wọ́n tó gbé Òṣà lé e lórí. Wọ́n máa ń mú ìyàwó lọ sí ọjà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá jáde. Wọ́n máa ń san owó Mísà fún òkú ilé. Àwọn orúkọ padrino àti madrina pàápàá, láti ibi ìrìbọmi ni a ti rí wọn. Àwọn ilé kan ṣì di èyí mú, àwọn mìíràn ti pa á tì. Ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó fi í sílẹ̀, ó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ ohun tó jẹ́.

Orúkọ náà, Àgùdà

Ní Èkó, Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn tó kúrò lóko ẹrú ní Bràsíl àti Kúbà tí wọ́n padà sílé ní ọ̀rúndún 19. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí Mísà, ìdí nìyí tí orúkọ àwọn ènìyàn fi di orúkọ ẹ̀sìn. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá sọ pé "ìjọ Àgùdà", ọ̀nà òkun tí àwọn baba ńlá wa là kọjá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mísà àti àdúrà àdáni kì í ṣe ọ̀kan

Nínú Mísà, gbogbo ìgbésẹ̀ ló ní àkókò tirẹ̀: ìgbà ìdìde, ìgbà ìkúnlẹ̀, ìgbà ìjókòó. Àlùfáà fúnra rẹ̀ kò láṣẹ láti yí i padà bó ṣe wù ú. Àdúrà àdáni ní òmìnira. Ní 2001, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìjọsìn ní Vatican gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí ìfọkànsìn àwọn mẹ̀kúnnù. Ìwé náà ka irú ìṣesí wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ: kí ènìyàn fi ẹnu ko ère tàbí kó fọwọ́ kàn án, kó rìnrìn àjò lọ sí ibi mímọ́, kó rìn láìwọ bàtà tàbí lórí eékún, kó dojú bolẹ̀, kó so àmì ẹni mímọ́ mọ́rùn. Kò bá wọn wí. Ó ní ọ̀nà tí kò ní àyídáyidà ni, tí òbí fi ń kọ́ ọmọ, láti fi ohun tó wà lọ́kàn hàn síta. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí ọkàn kò bá sí níbẹ̀, ìṣesí á di àṣà òfìfo tàbí ìgbàgbọ́ asán.

Àmì àgbélébùú

Èyí wà lára àwọn ìṣesí wọn tó ti pẹ́ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, Tertullian ará Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, ti kọ ọ́ pé àwọn Kristẹni a máa fa àmì yìí sí iwájú orí nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, tí wọ́n bá ń jáde, tí wọ́n bá ń wọ bàtà, tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, tí wọ́n bá tan fìtílà, tí wọ́n bá ń lọ sùn.

Ní àárín àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì, ọ̀nà méjì ló wà. "Persignarse" ni kí ènìyàn fi àtàǹpàkò fa àgbélébùú kékeré mẹ́ta: sí iwájú orí, sí ẹnu, sí àyà. "Santiguarse" ni àgbélébùú ńlá kan, láti iwájú orí sí àyà, láti èjìká òsì sí èjìká ọ̀tún. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi àtàǹpàkò dábùú ìka tó tẹ̀lé e, kó di àgbélébùú, wọ́n á sì fi ẹnu kò ó. Ìfẹnukò yìí kò sí nínú ìlànà Mísà; ọwọ́ ìyá àti ìyá àgbà ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Ní Kúbà, ẹ ó rí i lára agbá-bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, lára èrò ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lára ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú.

Kí olórìṣà kíyè sí ibi tí ìṣesí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Orí ni. Orí ni wọ́n ń da omi ìrìbọmi sí, orí ni wọ́n ń fi eérú sí ní ọjọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un yàtọ̀ sí tiwa, torí wọn kò ní ẹ̀kọ́ nípa Orí gẹ́gẹ́ bí a ti ní i. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa tí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn yìí náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú orí kò ṣàìmọ ohun tí ojú wọn rí.

Eékún, ọwọ́ àti ète

Ìkúnlẹ̀ kọ́ ni ìṣesí àdúrà àkọ́kọ́ wọn. Ìpàdé ńlá Nicaea ní 325 pàṣẹ pé kí wọ́n dúró gbàdúrà ní ọjọ́ Àìkú. Ọwọ́ méjì tí a na sókè, tí àtẹ́lẹwọ́ là sílẹ̀, ni wọ́n fi ń gbàdúrà láyé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣà pípa ọwọ́ méjì pọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ wọn sáàárín ọwọ́ olúwa wọn nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn fún un. Ní ọ̀rúndún 13, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Dominic kọ ìwé kékeré kan lórí ọ̀nà mẹ́sàn-án tí Dominic mímọ́ fi ń gbàdúrà, ara ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀: ó ń tẹrí ba, ó ń dojú bolẹ̀, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń na ọwọ́.

Níwájú ère ní Kúbà, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ènìyàn á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ère, á fi ẹnu ko ìka ara rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi áńkáṣíìfù nu ère náà, á sì lọ fi nu ara aláìsàn nílé. Ní El Cobre, nítòsí Santiago, wọ́n máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ tí bàbà wà lára rẹ̀ lọ sílé, wọ́n á sì fi òdòdó ṣọ́nfláwà ọlọ́yẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún Caridad. Òun ni póòpù Benedict XV sọ di alábòójútó Kúbà ní 1916, òun náà ni àwa mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun.

"Tú": bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀

Ní Sípáníìṣì, "usted" ni ti àgbà àti ẹni ọ̀wọ̀. "Tú" ni ti ọ̀rẹ́, ọmọ ìyá àti ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú àdúrà, "tú" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni Àdúrà Olúwa rí, bẹ́ẹ̀ ni kíkí Màríà rí. Àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbọ́ "thou" nínú àdúrà àtijọ́, wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ gíga ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ sí ẹnì kan tó súnmọ́ ọn ni tẹ́lẹ̀.

Yorùbá náà mọ èyí dáadáa. "Ẹ" là ń bá bàbá, ìyá àti ìyálórìṣà sọ. Ṣùgbọ́n "ìwọ" àti "o" là ń pe Olódùmarè àti Òrìṣà. Òwe àwọn àgbà sọ pé, "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ tààrà tó, ẹ sì wo "o" tó wà nínú rẹ̀. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹni tó ní ìbátan ló lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Teresa ti Ávila, obìnrin ẹlẹ́sìn kan ní ọ̀rúndún 16, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ pé àdúrà inú ọkàn jẹ́ bí ìbáṣọ̀rẹ́, kí ènìyàn máa dá wà lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun. Àwọn mẹ̀kúnnù gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń rojọ́, wọ́n ń dúnàádúrà, wọ́n ń bínú. Láti Spain títí dé Bràsíl, ọmọbìnrin tó ń wá ọkọ á dorí ère Antonio mímọ́ kodò, tàbí kó gba Jésù ọmọdé lọ́wọ́ rẹ̀, títí yóò fi rí ohun tó fẹ́. Ìjọ kò fọwọ́ sí èyí. Ẹ̀kọ́ ìjọ ni pé ìgbàgbọ́ asán ni kí ènìyàn gbà pé ìṣesí nìkan lágbára, láìka ọkàn sí. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, àlùfáà kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ ní El Rincón

Ibi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé ni El Rincón, lẹ́yìn Santiago de las Vegas, ní gúúsù Havana, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Lázaro mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn àwọn adẹ́tẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 16 ni èrò ti ń ya lọ. Àwọn kan ń fi eékún rìn, àwọn kan ń wọ́ tùúlẹ̀, wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n wọ aṣọ àpò tàbí aṣọ elésè àlùkò. Ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń san: ọmọ tí ara rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ tí wọn kò gé mọ́, ẹni tó dé láti ẹ̀wọ̀n.

Lázaro ti Bẹ́tánì, tí Jésù jí dìde, tí ìtàn sọ pé ó di bíṣọ́ọ̀bù, ni ìjọ ń bọlá fún lọ́jọ́ náà. Ẹni tí èrò ń pè ni tálákà onígbò inú ìwé Lúùkù, ọlọ́pàá méjì tí ajá ń lá egbò rẹ̀. Òun ni àwọn olórìṣà rí tí wọ́n rántí Babalúayé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1998, póòpù John Paul Kejì lọ síbẹ̀, ó sì bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Ìfarajọra yìí lè tan ènìyàn jẹ. Mofóríbalẹ̀ kì í ṣe ìṣesí àdáni. Ó ní òfin: Òṣà tó wà lórí ẹni ló ń sọ bóyá yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tàbí yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, kì í ṣe bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ní ìdáhùn: àgbà á fọwọ́ kàn án léjìká, á súre fún un, á gbé e dìde. Àṣẹ tó wà lórí àgbà la ń kí, àti Òṣà tó jókòó nínú otá rẹ̀. Ère ṣọ́ọ̀ṣì kò ní otá. Ẹ lè bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń bọ̀wọ̀ fún baálé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fóríbalẹ̀ fún un bí ẹni tó wà níwájú Òṣà rẹ̀. Nínú ìjọ pàápàá, dídojú bolẹ̀ gbọọrọ ní àyè tirẹ̀ nínú ìsìn: ọjọ́ Ẹtì Rere, àti ìgbà tí wọ́n bá ń fi ènìyàn jẹ àlùfáà.

Fún ìyàwó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ọdún kan àti ọjọ́ méje, òfin ilé ló ṣáájú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ madrina tàbí padrino yín, torí ilé kò rí bákan náà. Àwọn ibi tí ìṣòro ti sábà máa ń yọ nìyí:

Orí. Àṣà ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ọkùnrin ṣí fìlà. Ìyàwó kò gbọ́dọ̀ ṣí orí. Jókòó sẹ́yìn, kí ẹni tó mú ọ wá sì ṣàlàyé jẹ́jẹ́ ṣáájú. Bí àlùfáà bá ń wọ́n omi sára èrò, tàbí tó ń fi eérú sí orí, má ṣe sún mọ́ ọn.

Ọwọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn ní àlàáfíà nínú Mísà, wọ́n máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Pa ọwọ́ rẹ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, kí o tẹrí ba. Kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Oúnjẹ mímọ́. Ìjọ fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní ipò láti gbà á. Dúró sí ààyè rẹ. Kì í ṣe ìtìjú.

Èrò àti òru. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ní El Rincón kì í ṣe ibi ìyàwó. Ẹ̀jẹ́ lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ní 1983, ní Salvador, Ìyá Stella ti Opô Afonjá àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn kéde pé Òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ Àgùdà, pé kí a má ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé Lùkùmí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn sọ pé ìyá tó tọ́ àwọn dàgbà lọ sí Regla ní gbogbo ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, pé àwọn kò ní já ọ̀nà náà.

Èyíkéyìí tí ilé yín bá yàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tààrà sọnù. Lẹ́yìn tí a bá ti júbà tán, tí a ti dárúkọ òkú àti àgbà bó ṣe yẹ, ẹ̀tọ́ wa ni láti bá Òṣà sọ̀rọ̀ ní èdè tí a fi ń sunkún. Ẹni tí kò mọ Lùkùmí púpọ̀ kò yadi níwájú Òṣà rẹ̀. Kó júbà bó ṣe kọ́ ọ, kó wá sọ ohun tó ń dùn ún. Òṣà á gbọ́.