Ìtọ́jú ìlera fún ọmọ Ọ̀fà ní ilẹ̀ òkèèrè

Ìtọ́jú ìlera fún ọmọ Ọ̀fà ní ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ bí àwọn tó ṣí kúrò ní Ọ̀fà, ìlú Ọlọ́fà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe ń rí dókítà, oògùn àti ilé ìwòsàn lò níbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí. Ìlú onírìn-àjò ni Ọ̀fà, pàápàá láti ìgbà tí ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá láti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin ní ọdún 1908. Gánà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ọ̀fà tó rìnrìn-àjò kọ́kọ́ forí lé. Lóde òní, òfin tó de àtìpó nídìí ìtọ́jú pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń yí padà lemọ́lemọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, irú ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ aláìsàn ló sábà máa ń pinnu iye tí yóò san, ju irú àìsàn tó ń ṣe é lọ.

Gánà

Kí ó tó di ọdún 1969, ọmọ Yorùbá láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ̀tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn ń ṣòwò káàkiri ọjà Gánà. Ìkànìyàn ọdún 1960 níbẹ̀ ka Yorùbá tó lé ní 100,000. Jeremy Eades, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ti Tamale, gbé ìwé rẹ̀ Strangers and Traders jáde ní 1993. Ẹbí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ni adójútòfò irú àwọn àtìpó bẹ́ẹ̀: bí àìsàn bá dá ẹnì kan wó, ará ilé ni yóò dáwó fún un, bí kò bá sì gbọ́ oògùn, wọn a wá ẹni tí yóò mú un délé.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí padà sílé tìyàwó-tọmọ, gbogbo àjọ ìrànwọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sì tú ká.

Fún àwọn tó wà ní Gánà lónìí, òfin 2003 tó dá adójútòfò ìlera ìjọba sílẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2012, ń sọ̀rọ̀ nípa olùgbé Gánà, kò fi mọ sí ọmọ onílùú. Owó orí ọjà, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà lára ohun tó ń bọ́ ètò náà. Oníṣòwò ọmọ Ọ̀fà tó ń rajà ní Kumasi ń dá sí àpò yẹn, ì báà forúkọ sílẹ̀ tàbí kó má forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ó dára kí ó jẹ nínú rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2008 ni aboyún tó wà nínú ètò náà kò ti san owó àsansílẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù keje, ọdún 1948, àwọn àlejò pẹ̀lú sì ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin 1949 fún ìjọba lágbára láti gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n ọdún 1982 ni wọ́n tó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí ènìyàn fi ṣe ibùgbé ní ti gidi. Ilé ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù ṣàlàyé èyí nínú ẹjọ́ Shah ní 1982, òfin 2014 sì fún un pọ̀ fún àwọn tí wọn kò tíì gba ìyọ̀ǹda láti máa gbé ibẹ̀ títí láé. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń ṣì í: bàbá tó ní páṣípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀fà, lè gba bíìlì bó bá padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní London, nítorí pé Ọ̀fà ni ilé rẹ̀ báyìí.

Ẹni tó ń gba físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ ń san owó àfikún ìlera kí físà tó jáde. £200 lọ́dún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015; ó di £400 ní 2019, £624 ní 2020, ó sì di £1,035 ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2024. £776 ni akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé 18 ń san. Akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ jẹ́ oṣù 16 yóò san ti ọdún kan àtààbọ̀, èyí tó jẹ́ £1,164, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, ó ń lo NHS bí onílé, àmọ́ ní England yóò ṣì san £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ. Àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti òkèèrè pẹ̀lú ń san owó àfikún náà títí di ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ọdún 2020, nígbà tí Boris Johnson, olórí ìjọba ìgbà náà, yí ọkàn padà lásìkò àrùn Kòrónà. Ó pẹ́ jù kí ìpinnu yẹn tó dé.

Àwọn ilẹ̀kùn kan kò tì mọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní GP, kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn nítorí pé kò ní físà tàbí ìwé àdírẹ́sì, bí àwọn kan nídìí tábìlì tilẹ̀ ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀ka pàjáwìrì, ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV (láti oṣù kẹwàá 2012) àti ìfètòsọ́mọbíbí kò gba owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú ọgbẹ́ tí ìdábẹ́ obìnrin tàbí lílù nínú ilé dá sílẹ̀, bí kò bá jẹ́ torí rẹ̀ ni ẹni náà ṣe rin ìrìn-àjò wá.

Ìyá tó gba físà àbẹ̀wò láti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun kò san owó àfikún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì béèrè adójútòfò ìrìn-àjò lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ń béèrè èyí tó lè san ó kéré tán €30,000. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀ka pàjáwìrì yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù ni bíìlì bẹ̀rẹ̀, iye tí ìtọ́jú ná NHS àti ìdajì rẹ̀ lórí. Láti ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2017, England ń gba owó yìí ṣáájú, àfi bí dókítà bá ní ìtọ́jú náà kò ṣeé dá dúró. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn. Kí ẹbí tó ń ra adójútòfò fún ìyá wọn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ó yọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀.

Aboyún àti gbèsè

Aboyún tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Òfin sọ pé ìtọ́jú oyún àti ìgbẹ̀bí jẹ́ kánjúkánjú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró tàbí kọ̀ ọ́ nítorí owó. Bíìlì lè wá lẹ́yìn, aboyún sì lè bẹ̀bẹ̀ láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tó bá tó £500, tó sì lé ní oṣù méjì láìsan, ilé ìwòsàn lè fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, létí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ kọ físà tí ẹni náà bá tún béèrè. Ìbẹ̀rù yìí kò jẹ́ kí àwọn kan tètè lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Ìròyìn MBRRACE-UK ti ọdún 2019, tó ń yẹ ikú àwọn abiyamọ wò, tọ́ka sí obìnrin mẹ́ta tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fà sẹ́yìn nítorí owó. Agbẹ̀bí tó bá ń gba àtìpó ní láti sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí ẹni tó máa lé e lẹ́nu ọ̀nà.

Gbèsè nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù bani. Ní oṣù kìíní 2017, àdéhùn kan jẹ́ kí NHS Digital, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ NHS, máa fún Home Office ní àdírẹ́sì àwọn aláìsàn. Ìgbìmọ̀ ìlera ilé aṣòfin takò ó, ìjọba sì fà á sẹ́yìn ní 2018.

Àríyànjiyàn lórí àwọn tó ń wá gba ìtọ́jú

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń dìídì wọ bàálù lọ bímọ lórí owó NHS. Ìṣirò tí iléeṣẹ́ ìlera gbé jáde ní 2013 fojú bu owó tí irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè gbogbo, ń ná NHS sí £60 mílíọ̀nù sí £80 mílíọ̀nù lọ́dún, nínú ìnáwó tó ju £100 bílíọ̀nù lọ. Àwọn tó ṣe ìṣirò náà fúnra wọn kìlọ̀ pé àbá ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì lágbára. Ó dájú pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó kò tíì ní ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀.

Ibòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1986 fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu àti aboyún tó ń rọbí títí ara wọn yóò fi balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ní káàdì ìgbélùú ń dúró fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó lè wọ Medicaid, adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Ní Côte d'Ivoire, tó kún fún ọmọ Èjìgbò, adójútòfò gbogbogbòò ń gba 1,000 fránkì CFA lóṣù.

Àtìpó ní Ọ̀fà

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, nítorí náà òṣìṣẹ́ tó wá láti Benin tàbí Togo tó ń gbé ní Ọ̀fà wà lábẹ́ rẹ̀. Títí di báyìí, àpò aláìsàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà ti ń jáde, onílùú àti àlejò bákan náà.