Ohùn Tí Í Yọ Obì Lápò

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó." Ẹni tí a pè sí òde tí kò lè lọ, bí ó bá fi ohùn tútù bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ó yẹ, obì ni òun náà yọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun ń bọ̀, tí ó sì mọ̀ ní ikùn ara rẹ̀ pé òun kò ní dé, ọfà ni ó ń pọ́n, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Bí ará Ìjẹ̀bú-Òde bá ń ṣe òkú baba rẹ̀ nílé, a ta àgọ́ dí ojú títì, a dáná fún ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, bí ẹnì kan kò bá sì dé, ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè rẹ̀. Ní Marietta, lẹ́bàá Atlanta, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ṣe ilé báyìí, gbọ̀ngàn tí a háyà ní iye ènìyàn tí òfin panápaná gbà láàyè, alásè sì ti béèrè iye orí tí òun yóò sè fún. Nítorí náà, "Màá wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́," tí a fi bo "rárá" mọ́lẹ̀, owó olóde ni ó ń jẹ, ó sì ń gba àga lọ́wọ́ ẹni tí ìbá wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èsì kíákíá ní àṣà òyìnbó. Lóòótọ́, ìwé tí Emily Post tẹ̀ jáde ní 1922 lórí ìwà láwùjọ sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń rán ọmọ tòun towó lọ sí òde tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé.

Ẹ gbọ́ bí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru Sátidé bọ́ sí lọ́wọ́ ṣe lè sọ pé òun kò ní lè wá, lórí fóònù, kì í ṣe lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Alárè, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yìn Bàbá á dára. Iṣẹ́ ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi mú aṣọ ẹbí kan sílẹ̀, màá san owó rẹ̀ lónìí. Bàbá àwọn ọmọ yóò ṣojú mi." Kò fi àwáwí kún un, kò sì pa irọ́ àìsàn mọ́ ara rẹ̀, èyí tí mo kà sí èèwọ̀. Àkókò náà ṣe pàtàkì púpọ̀: kí irú ọ̀rọ̀ báyìí dé etí olóde kí ó tó ránṣẹ́ aṣọ sí Èkó, nítorí bí a bá ti gé aṣọ tán, ẹ̀bẹ̀ tí ó dùn jù lọ kò lè dá owó ọ̀pá kan padà.